Ẹ Fún Àwọn Ọmọ Faenza Lásìkò

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó ń sá eré-ìje ọkọ̀ nínú Formula 1, ẹyọ kan wà tó jẹ́ pé àtigba ife kọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á. Ẹgbẹ́ tó wà ní Faenza ni mò ń sọ, ìlú kékeré kan ní Ítálì tí wọ́n ti ń fi amọ̀ mọ àwo láti ayébáyé. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá fọkàn bá eré náà lọ yóò fi rò pé ẹgbẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: Minardi títí di 2005, Toro Rosso láti 2006, AlphaTauri láti 2020, RB ní 2024, Racing Bulls láti 2025. Red Bull ló ni ín, ilé-iṣẹ́ ohun mímu láti Austria tó tún ni ẹgbẹ́ ńlá, Red Bull Racing, ní Milton Keynes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ra Faenza kí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ wọn lè rí ibi kọ́ṣẹ́, kí èyí tó bá dáńtọ́ nínú wọn sì kọjá sí ilé ńlá.

Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kékeré yìí ju ẹgbẹ́ ńlá lọ. Àwọn tí a jọ máa ń wo eré a máa bi mí pé ìwúlò wo ni ẹgbẹ́ tí kò lè gba ife ní, àti pé ṣé yóò tiẹ̀ pẹ́ láyé. Èmi gbà pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe ní Faenza, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ. Àmọ́ nǹkan kan ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ni ìkánjú àwọn tó ni ín.

Kí Red Bull tó dé rárá ni Faenza ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Giancarlo Minardi kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ Formula 1 ní 1985, kò lówó, kò sì sí ilé-iṣẹ́ mọ́tò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọdún 21 tí orúkọ Minardi fi wà nínú eré, awakọ̀ wọn kankan ò dé orí pèpéle àwọn mẹ́ta tó bá ṣáájú rí, gbogbo máàkì tí wọ́n kó jọ ò ju 38 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Giancarlo Fisichella ní 1996, Jarno Trulli ní 1997, Fernando Alonso ní 2001, Mark Webber ní 2002. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló padà lọ borí níbòmíràn, Alonso sì gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Paul Stoddart, ọmọ Ọsirélíà tó ra ẹgbẹ́ náà ní 2001, tà á fún Dietrich Mateschitz ti Red Bull ní 2005, àwọn olólùfẹ́ Minardi fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n má pa orúkọ náà rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́ náà. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti mọ́ lára láti tọ́ ọmọ tí yóò fi wọ́n sílẹ̀ lọ́la ò lọ síbì kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Sebastian Vettel, torí pé ìtàn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ jù, wọ́n sì máa ń fo ibi tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Àárín ọdún 2007 ló dé Toro Rosso. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ní Fuji ní ilẹ̀ Japan, òjò ń rọ̀, ọmọ náà wà ní ipò kẹta, gbogbo ọkọ̀ ń tò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dá eré dúró díẹ̀ nítorí ewu. Ó ṣèèṣì gbá ẹ̀yìn Mark Webber, ẹni tó wà ní ipò kejì nínú ọkọ̀ Red Bull gan-an, ìyẹn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ méjèèjì parí eré síbẹ̀. Ọmọ náà sunkún. Ká ní àwọn ọ̀gá fẹ́ wá ẹ̀sùn tí wọn yóò fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ, kò sí èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò lé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní Shanghai, ó ṣe ipò kẹrin.

Nítorí pé wọ́n dúró tì í ní Fuji la fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monza ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2008. Òjò tún rọ̀. Vettel, ọmọ ọdún 21, ló gba ipò iwájú lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí wọ́n ń sáré wá ipò tí kálukú yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje, àwọn kan sì ń sọ pé òjò ló bá a ṣe é. Lọ́jọ́ Sunday ó bọ́ síwájú, ó sì borí. Heikki Kovalainen ti McLaren ló ṣe ìkejì, Robert Kubica ti BMW ṣe ìkẹta. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì fún awakọ̀, wọ́n kọ ti Ítálì fún ẹgbẹ́, bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí Michael Schumacher bá fi Ferrari borí. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí tó bẹ́ẹ̀ tó borí nínú Formula 1. Ẹgbẹ́ ńlá fúnra rẹ̀, Red Bull Racing, kò tíì borí rí lọ́jọ́ yẹn! Ìgbà tí Vettel kọjá sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n tó mọ adùn rẹ̀, ní China ní oṣù Kẹrin 2009.

Lóòótọ́, Milton Keynes ni wọ́n ti ya ọkọ̀ tó borí ní Monza, lọ́dọ̀ Adrian Newey àti àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Ferrari ló sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá ń lo ti Renault. Láti 2010 ni òfin ti ní kí wọ́n máa ya ọkọ̀ tiwọn fúnra wọn. Èyí kò dín ọlá Monza kù lójú mi. Franz Tost, tó ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ láti 2006 di 2023, mọ̀ pé ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí kò lè borí láéláé kò lè mọ ohun tí bíborí ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Ibi ìkọ́ṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ dáadáa gbọ́dọ̀ máa gbìyànjú àtiborí bíi tàwọn yòókù.

Ìdí mìíràn tún wà tí irú ilé báyìí fi gbọ́dọ̀ wà. Eré yìí ń jẹ owó láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti ń fi kart, ọkọ̀ eré-ìje kékeré, díje, àwọn òbí ni wọ́n ń ra ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń ra táyà, tí wọ́n ń gbé ọmọ láti ìlú dé ìlú. Anthony Hamilton ṣe iṣẹ́ lórí iṣẹ́ kí Lewis tó rí McLaren gbà á mọ́ra ní 1998, nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún 13. Àwọn òbí Esteban Ocon ta ilé, wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ àfàgbé, kí ọmọ lè máa sáré. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó ń fi owó tirẹ̀ tọ́ ọ̀dọ́, àwọn ọmọ olówó nìkan ni a ó máa rí nínú ọkọ̀ náà. Ugo Ugochukwu, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Oluchi Onweagba, ọmọ Nàìjíríà tó gba Face of Africa ní 1998, borí nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ ní Macau ní 2024. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Mo sì ronú pé iye ọmọ tó lẹ́bùn bíi tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí láéláé pọ̀ ní àdúgbò wa, nítorí kò sí pápá, kò sí kart, kò sì sí ẹni tí yóò dúró fún wọn.

Ní ilẹ̀ wa, bí òbí bá mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n á kọ àdéhùn, onídùúró á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì dá iye ọdún tí ọmọ máa lò. Ọmọ lè ba nǹkan jẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́, ọ̀gá á bá a wí, á tún fi hàn án. Ọjọ́ tó bá ṣe fíríídọ̀mù, àwọn ará àdúgbò á wá jẹ, wọ́n á mu. Kò sí ọ̀gá tó mọyì ara rẹ̀ tí yóò lé ọmọ iṣẹ́ dànù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́dọ̀ Red Bull, ó ti ṣẹlẹ̀. Liam Lawson, ọmọ New Zealand, sáré lẹ́ẹ̀mejì péré fún ẹgbẹ́ ńlá ní 2025, ní Ọsirélíà àti ní China, wọ́n sì dá a padà sí Faenza kí wọ́n tó dé Japan. Ní 2023, Nyck de Vries, tó ti gba ife àgbáyé Formula E, eré àwọn ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, sáré mẹ́wàá ní Faenza, wọ́n ní kó máa lọ. Helmut Marko, tó darí ètò àwọn ọ̀dọ́ náà fún ohun tó lé ní 20 ọdún kó tó kúrò ní ìparí 2025, kò fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ pamọ́ rí: ẹni tí kò bá yára tó, kí ó yàgò fún ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo àwọn tó yàgò. Ní ìparí 2011 wọ́n lé Sébastien Buemi àti Jaime Alguersuari lọ́jọ́ kan náà. Buemi lọ gba Le Mans, eré-ìje oníwákàtí 24, lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú Toyota, ó tún gba ife Formula E. Alguersuari ò tíì pé ọdún 26 tó fi eré-ìje ọkọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Jean-Éric Vergne kúrò ní ìparí 2014, ó gba ife Formula E léraléra lẹ́ẹ̀mejì. Carlos Sainz jókòó ní Toro Rosso láti 2015, ilẹ̀kùn òkè ò ṣí fún un, ó wábi gbà, ó sì fi Ferrari borí lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà. Ohun tí mo rí nínú orúkọ wọn ni pé àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ ṣe é kí ọmọ tó dàgbà, àwọn ẹlòmíràn ló sì jẹ èrè rẹ̀.

Pierre Gasly ni ẹ̀rí tó dájú jù tí mo ní. Ọdún 2018 ló fi ọdún kan gbáko sáré ní Toro Rosso. Ní 2019 wọ́n gbé e lọ sókè, ìdíje 12 péré ni wọ́n jẹ́ kó sá, wọ́n dá a padà sí Faenza láàárín ọdún, wọ́n mú Alexander Albon rọ́pò rẹ̀. Ìdíje àkọ́kọ́ tí yóò ṣe lẹ́yìn ìjánilulẹ̀ náà ni Spa, ní Belgium. Ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, Anthoine Hubert, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kú níbẹ̀ nínú ìjàǹbá eré Formula 2, ìpele tó wà lábẹ́ Formula 1. Ọmọ tí wọ́n já sílẹ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kú, tún wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì kó máàkì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní Brazil, ó ṣe ipò kejì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2020, ní Monza kan náà tí Vettel ti borí, wọ́n fìyà jẹ Hamilton, wọ́n tún eré bẹ̀rẹ̀, Gasly bọ́ síwájú, Sainz ń lé e bọ̀ títí dé òpin, kò sì bá a. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan ò pé láàárín wọn. Láti ìgbà tí Olivier Panis ti borí ní Monaco ní 1996, kò tíì sí ọmọ Faransé mìíràn tó borí. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ó jókòó nìkan sórí pèpéle. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ojú kì í sì í tì mí láti sọ ọ́.

Àwọn tó wà ní Faenza ló tún ọmọ yẹn ṣe. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kùnà, wọ́n fún un lọ́kọ̀, wọ́n sì fún un láyè. Ètò tí Red Bull ṣe kò ní ibi kankan fún irú iṣẹ́ yẹn. Ìwà àwọn ará ibẹ̀ ló bí i.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn: Max Verstappen. Ọmọ ọdún 17 ló wà nígbà tó wọ Toro Rosso ní 2015, kódà òun ló jẹ́ kí FIA, àjọ tó ń darí eré náà, ṣòfin pé ẹni tí kò bá tíì pé 18 ò gbọdọ̀ wọ Formula 1 mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2016 wọ́n já Daniil Kvyat sílẹ̀, wọ́n gbé Verstappen lọ sókè, ó sì borí nínú ìdíje àkọ́kọ́ tó ṣe níbẹ̀, ní Spain. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pé wọn ò rí ohun tí wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n irú Verstappen kì í wá lọ́dọọdún, ètò tí wọ́n bá sì gbé karí ẹni bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo yóò máa fọ́ àwọn yòókù. Ẹ wo Daniel Ricciardo. Wọ́n fún un ní ọdún méjì gbáko ní Toro Rosso, 2012 àti 2013. Ní 2014 ó dé ilé ńlá, ó borí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi Vettel, tó ti gba ife àgbáyé mẹ́rin nígbà náà, sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Yuki Tsunoda ni kò jẹ́ kí n lè sọ pé àsìkò nìkan ti tó. Tost ní kó kó wá gbé ní Faenza ní 2021, kí wọ́n lè máa mójú tó o. Ó gbọ́. Nígbà tí omíyalé bo ìlú náà ní oṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n fi fagi lé ìdíje Imola tó wà nítòsí, ó mú ṣọ́bìrì, ó bá àwọn ará ìlú kó ẹrẹ̀ lójú títì. Ó lo ọdún mẹ́rin gbáko lọ́dọ̀ wọn, ó sì dàgbà sí i lójú gbogbo wa. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi rọ́pò Lawson ní 2025, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn lókè, ọdún yẹn kan náà ni ìjókòó náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní Faenza. Ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Milton Keynes ti bá ọwọ́ Verstappen mu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gba ọwọ́ ẹlòmíràn. Ibi ìkọ́ṣẹ́ lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ó ṣe, kí ilé tí wọ́n ń rán ọmọ lọ má sì ní ibùjókòó fún un.

Iṣẹ́ kan tún wà tí Faenza ṣe tí wọn kì í sábà kà sí i lọ́rùn. Ní ìparí 2017, McLaren ti kọ ẹ́ńjìnnì Honda sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Toro Rosso gbà á. Ní 2018 wọ́n ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lójoojúmọ́ ayé, wọ́n ń gba ìyà kí wọ́n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará Japan lè rí ibi tó ń dùn wọ́n. Ní ìdíje kejì ọdún náà, ní Bahrain, Gasly ti fi í ṣe ipò kẹrin. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Red Bull Racing gba Honda náà, Verstappen sì fi ẹ́ńjìnnì wọn gba ife àgbáyé ní 2021. Faenza ló ru ẹrù náà nígbà tó wúwo.

Ọjọ́ iwájú wá ń kọ́? Zak Brown, ọ̀gá McLaren, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ méjì, ó sì ní ìdí. Ní Singapore ní 2024, ìdíje tí Ricciardo, tó ti padà sí Faenza, ṣe kẹ́yìn nínú Formula 1, ó wọlé pààrọ̀ táyà sí tuntun nígbà tí kò ní ohun tó máa jèrè mọ́, ó fi sá àyípo tó yá jù, èyí tó ń mú máàkì kan wá nígbà náà, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba máàkì náà mọ́ Lando Norris lọ́wọ́, awakọ̀ McLaren tó ń lé Verstappen lórí tábìlì. Ohunkóhun tí wọ́n ní lọ́kàn, ó dun èèyàn láti rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀nà awakọ̀ bẹ́ẹ̀ parí sí. Bí Faenza bá fẹ́ pẹ́, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba lójú pápá pé tirẹ̀ ló ń jà fún. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí díẹ̀ nípa apá ilé-iṣẹ́ wọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti kó lọ sí Milton Keynes, nítòsí ẹ̀gbọ́n.

Ti owó ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Láti 2021 ni òfin ti fi òpin sí iye tí ẹgbẹ́ lè ná lọ́dún, mílíọ̀nù 145 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí sì ti mú kí ẹgbẹ́ kékeré lè mí. Mateschitz kú ní oṣù Kẹwàá 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé àwọn tó jogún rẹ̀ yóò ta Faenza. Wọn ò tà á. Wọ́n wá onígbọ̀wọ́ tuntun. Ní 2008, ní 2019, ní 2021, wọ́n ṣe ipò kẹfà nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́. Ní 2025 wọ́n tún ṣe é. Wọn ò kọjá ibẹ̀ rí. Láàárín ọdún 2025 náà, nígbà tí Red Bull lé Christian Horner, ọ̀gá ilé ńlá, Laurent Mekies, ọ̀gá Faenza, ni wọ́n mú lọ darí ilé ńlá, wọ́n sì fi Alan Permane sípò rẹ̀. Ilé kékeré ti ń tọ́ ọ̀gá fún ilé ńlá báyìí, kì í ṣe awakọ̀ nìkan. Mo fojú sọ́nà pé ẹni tó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yóò mọ bí a ti í mú wọn.

Isack Hadjar ni yóò kọ́kọ́ fi èyí hàn wá. Ní Melbourne ní 2025, ọmọ Paris tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Àlùjíríà yìí fi ọkọ̀ gbá ògiri kí ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Anthony Hamilton ló lọ gbá a mọ́ra bó ṣe ń sunkún bọ̀. Racing Bulls ò lé e, bí wọn ò ti lé Vettel lẹ́yìn Fuji. Ní oṣù Kẹjọ, ní Zandvoort, ó ṣe ipò kẹta. Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Verstappen ní 2026, Arvid Lindblad, ọmọ ọdún 18, sì bọ́ sípò tó fi sílẹ̀ ní Faenza, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lawson. Òfin ọkọ̀ tuntun ti dé, ẹ́ńjìnnì tí Red Bull ń ṣe fúnra wọn pẹ̀lú Ford ló wà nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì, nítorí náà gbogbo èèyàn ni yóò ṣàṣìṣe, àgbà àti ọmọdé. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò pọ̀: kí wọ́n jẹ́ kí Hadjar parí ọdún lókè kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fún Lindblad ní ọdún méjì gbáko bí wọ́n ti fún Ricciardo, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún un láti ìsinsìnyí pé ọdún méjì ni.